Ṣé oògùn káńdídà ló ń pa bakitéríà rere ojú ara wa?

Aránṣọ_Sábó (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ yìí ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n ara tó ń yúnni kì í jẹ́ kéèyàn dákẹ́. Ìkòròdú ni mo wà, lápá Sábó. Aṣọ ni mò ń rán, orí ìjókòó ni mo sì máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nínú oṣù kejì ọdún yìí, eyín dùn mí débi pé ẹ̀kẹ́ mi wú. Wọ́n fún mi ní amoxicillin ní kẹ́míìsì, mo lò ó fún ọjọ́ 5, eyín rọlẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tí ojú ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún, tí nǹkan funfun tó dì bí ògì tí wọn kò sẹ́ kúnná ń jáde. Kò rùn. Tí mo bá fẹ́ tọ̀, ńṣe ló ń ta mí bí ata. Wọ́n ta fluconazole 150, oògùn káńdídà, fún mi, hóró kan péré. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ara ti tù mí.

Ó padà wá nínú oṣù karùn-ún. Mo tún lo hóró kan, ó tún lọ. Ó ti tún dé báyìí, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí kí ọdún tó parí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìpara ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi ní gbogbo nǹkan ló ń pa. Ó tù mí fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ló wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ní àwọn oògùn yìí gan-an ló ń dá kún un. Wọ́n ní bakitéríà rere kan wà tó ń ṣọ́ ojú ara obìnrin, pé oògùn káńdídà ń pa wọ́n run, ìdí nìyẹn tó fi ń padà. Wọ́n ní kí n pa gbogbo ẹ̀ tì, kí n máa jókòó sínú omi gbígbóná tí mo bu álọ́mù sí. Mo ti ra álọ́mù náà. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀bùtè (9:31 alẹ́)

Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ fún ẹ, àbúrò mi. Èmi ṣe é, ojú mi rí i. Wọ́n fún mi ní èyí tí wọ́n ń tì sábẹ́, mo lò ó fún alẹ́ 3. Yíyún lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí omi kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára mi tó ń rùn bí ẹja. N kò mọ irú òórùn bẹ́ẹ̀ lára mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó burú jù bí èmi àti bàbá wọn bá ti wà pọ̀. Láti ìgbà náà, omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ ni mo fi ń fọ inú ibẹ̀. N kò jẹ́ ti nǹkan kan sí ara mi mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì (9:58 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. N kò ní kí ẹ má sọ ohun tójú yín rí, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti yín, ọ̀tọ̀ ni ti aránṣọ wa. Omi tó ṣàn, tó rí bí omi eérú, tó ń rùn bí ẹja, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kì í ṣe káńdídà. BV (bacterial vaginosis) ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àwọn bakitéríà kan ló ń pọ̀ jù níbẹ̀ tí àwọn rere sì ń dín kù. Káńdídà kì í sábà rùn. Tirẹ̀ ni kó dì, kó funfun, kó máa yún, kó máa ta. Èyí tó bá ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè, tó ń hó fòò, ẹ lọ wò ó bóyá trichomonas ni, kòkòrò tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, nítorí ìyẹn, tọkọtaya ló gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú.

Aránṣọ, ọmọ mi, gbé álọ́mù yẹn sọ nù lálẹ́ yìí. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ obìnrin tí omi gbígbóná bó lábẹ́, tí wọn kò lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan. Álọ́mù máa ń fún awọ ibẹ̀ pọ̀, á gbẹ, á sán, àrùn á sì rí ojú ọ̀nà wọlé. Omi iyọ̀ tí Ìyá Ìbejì ń dà sínú náà kò dára, ẹ dákun. Ojú ara a máa fọ inú ara rẹ̀. Ìta nìkan ni tiwa, omi lásán sì ti tó o. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ohun tó ń ṣí bakitéríà rere nídìí, fífọ inú ni kó kọ́kọ́ mú.

Apoògùn_Agric (10:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ilé oògùn ni mo ní níhìn-ín ní Agric. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí lórí káńtà, kì í sì í sí àyè láti dáhùn rẹ̀ délẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀ níbí.

Ìyá àgbà yẹn kò parọ́ nípa bakitéríà rere. Wọ́n wà lóòótọ́. Dókítà ará Jámánì kan, Albert Döderlein, ló ṣàpèjúwe wọn ní 1892. Lactobacillus lorúkọ ìdílé wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò jìnnà sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ògì tí ẹ rẹ sílẹ̀. Hòmóònù obìnrin máa ń mú kí awọ ojú ara tọ́jú ṣúgà pamọ́, àwọn bakitéríà yìí á jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan. Kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn rí ibẹ̀ gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá ti yà kúrò lójú ọ̀nà ni pé oògùn káńdídà ló ń pa wọ́n. Káńdídà kì í ṣe bakitéríà. Ìbátan ìwúkàrà tí wọ́n fi ń po búrẹ́dì ni, ìbátan olú, ìbátan ohun tó ń hù lára ẹ̀kọ tó bá bu. Awọ tó bo ara rẹ̀ ní ọ̀rá kan nínú tí wọ́n ń pè ní ergosterol. Ẹ pè é ní símẹ́ǹtì ilé rẹ̀. Fluconazole, clotrimazole àti miconazole ń dí káńdídà lọ́wọ́ kó má lè po símẹ́ǹtì yìí. Nystatin ní tirẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ èyí tí ó ti pò sílẹ̀, á sì dá ihò sí i. Lactobacillus kò fi símẹ́ǹtì yìí kọ́lé rárá. Ohun tí oògùn wá wá, kò sí nílé rẹ̀. Ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ni.

(Nystatin yẹn, obìnrin méjì ló rí i nínú erùpẹ̀ ilẹ̀: Elizabeth Hazen àti Rachel Brown. 1950 ni wọ́n gbé e jáde. Ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ oògùn náà ní Nystatin, láti inú New York State. Inú mi máa ń dùn láti sọ ìtàn wọn fún obìnrin tó bá wá rà á.)

Ta ló wá ṣe iṣẹ́ ibi náà? Aránṣọ fúnra wọn ti dá a lóhùn láìmọ̀. Amoxicillin tí ẹ lò fún eyín ni. Áńtíbáyọ́tíìkì nìyẹn, bakitéríà ló ń pa, kì í sì í yà á sọ́tọ̀ pé ti eyín nìyí, ti ojú ara nìyí, rere nìyí, búburú nìyí. Bí ó bá gbá àwọn Lactobacillus lọ, káńdídà tó ti wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ á rí àyè nà tàntàn.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yí páálí ìpara tuntun yẹn sẹ́yìn, kí ẹ ka gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ fún wa. Ẹ má wo orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú. Ẹ̀yìn ni mò ń wí.

Ọmọ_Ìgbógbó (11:05 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n apoògùn, ọ̀rọ̀ yín yé mi, ṣùgbọ́n tèmi kò bá a mu. Griseofulvin ni wọ́n fún mi, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí oògùn àrùn awọ ara, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi lò ó, káńdídà náà kò gbọ́. Bí kò bá pa bakitéríà rere mi, kí ló dé tí n kò rí ìwòsàn?

Apoògùn_Agric (11:12 alẹ́)

Àbúrò mi, griseofulvin kì í ran káńdídà rárá. Lápalàpá ara, ti orí, ti èékánná ni wọ́n ṣe é fún. Oògùn tí wọ́n fún ẹ kò pa rere, kò sì pa búburú. Àìsàn yẹn ń bẹ níbẹ̀ láìsí ẹni tó dá a lẹ́kun ni.

Aránṣọ_Sábó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti gbé álọ́mù sọ nù, mà. Mo ka ẹ̀yìn páálí náà pẹ̀lú iná fóònù, nítorí ìwé rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ohun tí mo rí nìyí: clotrimazole, betamethasone, neomycin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n pò pọ̀ mọ́ra wọn. Káńdídà nìkan ni mo sọ fún ẹni tó tà á.

Apoògùn_Agric (7:20 àárọ̀)

Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Clotrimazole nìkan ni tiyín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Betamethasone, sitẹ́rọ́ìdì ni. Òun ló mú kí yíyún náà rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, nítorí pé ó ń pa ìbínú ara. Ṣùgbọ́n ó tún ń sọ àwọn ọmọ ogun ara di ọ̀lẹ níbi tí ẹ bá fi í sí, káńdídà á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, ó ń mú kí awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Neomycin, áńtíbáyọ́tíìkì mìíràn ni, òun náà á tún pa àwọn Lactobacillus tó kù. Ẹ dá a dúró.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀bùtè (8:02 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mo lọ tú àpótí mi wò. Páálí èyí tí mo tì sábẹ́ nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀, n kò mọ ìdí tí n kò fi sọ ọ́ nù. Wọ́n kọ clotrimazole sí i, wọ́n sì kọ clindamycin sí i. Ṣé clindamycin yẹn náà, áńtíbáyọ́tíìkì ni?

Apoògùn_Agric (8:09 àárọ̀)

Áńtíbáyọ́tíìkì ni, mà. Ó sì lágbára.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀bùtè (8:15 àárọ̀)

Ọlọ́run ò. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń bá gbogbo ẹgbẹ́ mi sọ pé clotrimazole ló ṣe mí.

Adé_Láàbù (12:37 ọ̀sán)

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, mo sì ti fi ọdún díẹ̀ wo omi ara àwọn obìnrin lábẹ́ maikiroskópù. Mo gba púpọ̀ nínú ohun tí apoògùn sọ. Àmọ́ ibì kan wà tí mo fẹ́ tún ṣe, ibì kan sì wà tí gbogbo wa ti fò kọjá.

Èyí tí mo fẹ́ tún ṣe: neomycin kò fi bẹ́ẹ̀ rí Lactobacillus gbé ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń fara da oògùn ìdílé neomycin, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn ni. Nínú ìpara aránṣọ, sitẹ́rọ́ìdì yẹn gan-an lọ̀ràn. Clindamycin ti Ìyá Ìbejì ni ká dá lẹ́bi, òun ń bá Lactobacillus jà lóòótọ́. Amoxicillin náà bẹ́ẹ̀. Metronidazole tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Flagyl, ẹ má kà á mọ́ wọn: àwọn bakitéríà BV ló ń pa, ó sì máa ń fi ọ̀pọ̀ Lactobacillus sílẹ̀.

N kò sì ní sọ pé oògùn káńdídà kò kan bakitéríà kankan láyé. Nínú àwo láàbù, bí wọ́n bá da miconazole lé àwọn bakitéríà kan bíi Staphylococcus lórí dáadáa, ó lè dí wọn lọ́wọ́. Àwo láàbù ọ̀tọ̀, ara ènìyàn ọ̀tọ̀. Ní 2015 wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin ní Kẹ́ńyà àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ń ti metronidazole àti miconazole pọ̀ sí ojú ara fún alẹ́ 5 lóṣooṣù, fún odidi ọdún kan. BV kò pọ̀ sí i lára wọn, ńṣe ló dín kù. Ká ní miconazole ń ba ilé bakitéríà rere jẹ́ bí ìyá àgbà ṣe wí ni, á ṣòro kí irú èsì bẹ́ẹ̀ tó wáyé.

Ibi tí a fò kọjá wá nìyí. Gbogbo ènìyàn níbí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé káńdídà kò lè wá àyàfi bí Lactobacillus bá ti kú. Kì í ṣe ohun tí mò ń rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń rí káńdídà àti Lactobacillus lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú omi ara kan náà. Tí mo bá fi pépà wọn ìwọ̀n kíkan rẹ̀, ìyẹn pH, kì í sábà kọjá 4.5, bí ó ṣe máa ń wà lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ti BV ló máa ń fò kọjá 4.5. Káńdídà kò bẹ̀rù kíkan, ó lè gbé inú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí òun bá ti "dá bakitéríà padà" káńdídà á ti lọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, oyún, hòmóònù, àìlera ọmọ ogun ara, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí àwọn obìnrin wa gbọ́ èyí, nítorí àwọn tó ń ta kápúsù bakitéríà lórí fóònù. Ní 2011 wọ́n wo obìnrin 396 ní Amẹ́ríkà Àríwá, aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn, aláwọ̀ funfun wà, gbogbo wọn ni ara wọn dá. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tí Lactobacillus kò jọba lójú ara wọn pọ̀ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, láìsí àìsàn kankan. Bí ara rẹ bá le, tí ẹnì kan wá sọ fún ẹ pé bakitéríà rere rẹ kò pé, bi í léèrè ìwọ̀n ta ló fi wọ̀n ẹ́.

Apoògùn_Agric (12:55 ọ̀sán)

Ẹ ṣé, Adé. Mo gbà ti neomycin. Mo yára sọ ọ́. Ti pé káńdídà àti Lactobacillus ń gbé pọ̀ náà, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lálẹ́ àná. Ṣùgbọ́n ẹ gbà fún mi pé áńtíbáyọ́tíìkì tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ni ìtàn tó wọ́pọ̀ jù lórí káńtà mi.

Adé_Láàbù (1:03 ọ̀sán)

Mo gbà. Ó wọ́pọ̀ ní láàbù náà.

Ọkọ_Ìyàwó_Ìpakodò (1:40 ọ̀sán)

Ẹ má bínú pé ọkùnrin dá sí i. Ìyàwó mi náà ní ìṣòro yìí, àìmọ̀ ohun tí mo lè ṣe ló jẹ́ kí n máa ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ṣé kí èmi náà lo fluconazole kó má baà máa padà?

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì (2:10 ọ̀sán)

O ṣeun tí o bèèrè, ọmọ mi. Bí o kò bá ní yíyún tàbí pípọ́n lórí nǹkan ọmọkùnrin rẹ, kò pọn dandan. Káńdídà kì í ṣe àrùn tí wọ́n ń pè ní ti ìbálòpọ̀. Ohun tí o lè ṣe ni kí o má máa fi ojú bóyá ó lọ síta wò ó. Tí ẹ bá ń lo kọ́ńdọ̀mù, kí ẹ mọ̀ pé òróró inú ìpara tàbí oògùn tí wọ́n ń tì sábẹ́ lè mú kí kọ́ńdọ̀mù ya.

Olóyún_Ìjẹ̀dé (4:25 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kúuṣẹ́ o. Oyún oṣù mẹ́rin wà lára mi, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí oògùn kò bá pa bakitéríà rere, ṣé mo lè ra hóró kan yẹn lo? Ó rọrùn ju kéèyàn máa ti nǹkan sábẹ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì (4:31 ìrọ̀lẹ́)

Rárá! Ọmọ mi, má ṣe gbé e mì. Ti bakitéríà kọ́ ni mò ń wí fún ẹ. Ọmọ inú rẹ ni. Wọn kì í fún aláboyún ní fluconazole tí wọ́n ń gbé mì fún káńdídà. Ní 2016 FDA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ nítorí oyún tó ń bàjẹ́. Èyí tí wọ́n ń tì sábẹ́, bíi clotrimazole tàbí miconazole, fún alẹ́ 7, ni wọ́n ń fún aláboyún. Oyún ń mú kí káńdídà wọ́pọ̀, nítorí náà má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n sọ fún àwọn tó ń wo oyún rẹ ní ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ, má dúró títí oṣù tó ń bọ̀. Jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀nà tí o máa gbà tì í hàn ọ́, kí o má fi agbára tì í.

Ẹlẹ́kọ_Ìtà_Ẹlẹ́wà (6:18 ìrọ̀lẹ́)

Adé sọ pé ká má ra kápúsù bakitéríà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ògì kíkan ńkọ́? Apoògùn fúnra wọn fi ìkòkò ògì ṣàpèjúwe. Omi ògì tó kan dáadáa, bakitéríà rere ló kún inú rẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé kéèyàn fi bọ owú, kó fi sábẹ́. Òmíràn ní yógọ́ọ̀tì ni, òmíràn ní áyù. Èwo ló dára?

Adé_Láàbù (6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá ẹlẹ́kọ, ẹnu ni kí ògì máa gbà wọlé. Òótọ́ ni pé Lactobacillus wà nínú rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń mú àgbàdo kan àti àwọn tó ń gbé ojú ara, ìdílé kan náà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ọ̀kan nínú àwọn tó sábà máa ń jọba lójú ara ni wọ́n ń pè ní Lactobacillus crispatus. Ti yógọ́ọ̀tì, bulgaricus ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ṣúgà tí wọ́n dà sí yógọ́ọ̀tì ìgboro sì pọ̀. Omi ògì tó wà nínú ìkòkò ní ìwúkàrà àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn tí ẹ kò ní fẹ́ kó wọ ojú ara. Áyù ńkọ́? Ó ń jó ara. Mo ti rí èyí tí wọ́n wá yọ.

Ẹlẹ́kọ_Ìtà_Ẹlẹ́wà (6:44 ìrọ̀lẹ́)

Ó yé mi. Ẹ ṣé gan-an, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ọmọ mi kó ṣe é.

Àǹtí_Òwùtù (8:56 alẹ́)

Mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti àná, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ti aránṣọ yìí jọ tèmi jù. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń ra oògùn káńdídà. Mo ra hóró, mo ra ìpara, mo ra ti abẹ́. Mo ti da ẹ̀bi rẹ̀ lé pátá lórí, mo dá a lé ọṣẹ lórí, mo dá a lé ọkọ mi lórí débi pé a kò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òùngbẹ ń gbẹ mí lóru, mo ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. N kò so ó pọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ló wò mí lójú, tó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n ti wo ṣúgà yín rí?" Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ lọ́mọ ìka. Ìtọ̀ ṣúgà ni.

Láti ìgbà tí ṣúgà mi ti rọlẹ̀, káńdídà kò wá mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá, ìgbà tí mo pa oògùn ṣúgà jẹ níbi ìgbéyàwó ní Ìmọ̀tà. Àbúrò mi aránṣọ, lọ gún ìka rẹ. Kó o tó da ẹ̀bi lé bakitéríà lórí, lọ gún ìka rẹ.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì (9:20 alẹ́)

Ẹ ṣeun, Àǹtí Òwùtù, tí ẹ sọ ọ́ jáde. Káńdídà tó bá wá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan, orúkọ rẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Wọn kì í fi hóró kan tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á wo ṣúgà, wọ́n á bèèrè láti yẹ HIV wò, wọ́n á fi òwú mú omi ara lọ sí láàbù. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ HIV dẹ́rù bà yín. Àyẹ̀wò ni.

Adé_Láàbù (9:34 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti ìyá wa. Káńdídà pọ̀ lóríṣi. Albicans ló wọ́pọ̀ jù, fluconazole sì máa ń ràn án. Èyí tí wọ́n ń pè ní glabrata máa ń ṣorí kunkun sí i, krusei ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ fluconazole rárá. Ẹni tí kò bá ṣe àyẹ̀wò kò lè mọ èyí tó wà lára òun. Ní 2002, ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ obìnrin 95 wò tí wọ́n ti lọ ra oògùn káńdídà fúnra wọn. Nǹkan bí 1 nínú 3 péré ló ní káńdídà nìkan lára lóòótọ́. BV wà lára àwọn kan, àwọn mìíràn kò ní nǹkan kan.

Aránṣọ_Sábó (Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kejì, 7:45 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ́jú mi o. Mo ṣèlérí fún Àǹtí Òwùtù nínú ọkàn mi pé n ó lọ, mo sì lọ.

Wọ́n gún ìka mi, ṣúgà mi kò ga. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí wọ́n sọ ọ́. HIV kò sí. Wọ́n fi òwú mú omi ara mi. Káńdídà ni, albicans. Ìwọ̀n kíkan jẹ́ 4, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé pé Lactobacillus wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un kà fún mi. Lẹ́yìn gbogbo oògùn káńdídà tí mo ti lò láti oṣù kejì, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Dókítà ní kí n ju ìpara ẹlẹ́mẹ́ta yẹn nù. Fluconazole 150 ni wọ́n kọ fún mi: ọ̀kan lọ́jọ́ kìíní, ọ̀kan lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀kan lọ́jọ́ keje, lẹ́yìn náà ọ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 6. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá oyún wà lára mi, bóyá mo ń lo oògùn ọkàn tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí pé fluconazole máa ń bá wọn jà. Kò sí. Wọ́n ní bí dókítà eyín bá tún fẹ́ fún mi ní áńtíbáyọ́tíìkì, kí n sọ ìtàn mi fún un.

Mo lọ bá ìyá àgbà wa. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún wọn, mo fi Yorùbá ilé túmọ̀ èyí tó le. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, bí kò bá jẹ́ oògùn káńdídà ló ń pa bakitéríà rere, ṣé àgúnmu tí àwọn ń lò fún ẹsẹ̀ ríro, tí ẹni tó ń gún un ń da nǹkan inú kápúsù aláwọ̀ pupa àti dúdú sí, ṣé àwọn náà lè yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò? N kò mọ ohun tí mo lè wí.

Apoògùn_Agric (8:03 alẹ́)

Mà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lò ó mọ́, kí wọ́n bá mi gbé e wá lọ́la. Kí wọ́n mú awẹ́ kápúsù tó bá ṣẹ́ kù dání, kí n lè rí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. Ilé oògùn á ṣí ní aago 8. Kí wọ́n má san kọ́bọ̀.